Ìgò Ìtọ̀ Mẹ́fà

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Ìgò ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí mò ń pè ní Alákòóso níbí, dé ní aago méje àbọ̀. Ìtọ̀ àárọ̀, èyí tó kọ́kọ́ tọ̀ bó ṣe jí, gẹ́gẹ́ bí òfin. Láàbù wa kì í kọ orúkọ sára ìgò, nọ́ńbà la máa ń kọ, kí ojúsàájú má baà wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ta ni kò ní mọ ìgò ẹ̀gbọ́n rẹ̀? Òun nìkan ló ń fi ọ̀rá wé ìgò ìtọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, bí ẹni tó ń di ẹ̀bùn ìgbéyàwó.

Mo ki pépà ìdánwò bọ̀ ọ́. Mo dúró. Purotéènì: kò sí. Ẹ̀jẹ̀: kò sí. Ṣúgà: àmì kan.

Ṣúgà yẹn ṣe mí ní kàyéfì díẹ̀. Ọ̀gá láàbù — tí mò ń pè ní Alága nínú ìwé yìí, torí pé ó máa ń jókòó bí ẹni tí ìpàdé ò lè bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ — ní oògùn ẹ̀ ni. Oògùn tí Alákòóso ń lò máa ń gbé ṣúgà sókè. Òótọ́ ni. Mo kọ ọ́ sábẹ́ èsì: "Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ oògùn." Mo buwọ́ lù ú. Ìbuwọ́lùwé mi ti ń dára sí i.

Ìgò kẹrin nìyẹn. Dókítà ní bí ìtọ̀ rẹ̀ bá mọ́ lóṣù mẹ́fà léraléra, òun á yí oògùn rẹ̀ padà, òun á sì gbà á láyè kó lóyún. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì ni. Ó ku méjì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Mo pè é. Mo ní, "Àǹtí, ó mọ́." Ó wá ní, "Onítọ̀, ó dá ẹ lójú?" Onítọ̀ ni orúkọ tó sọ mí láti ọjọ́ tí mo ti gba iṣẹ́ yìí. Ìwé ẹ̀rí pólì mi wà lára ògiri wọn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fi ìyẹn pè mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Mo lọ sílé wọn. Alákòóso, ọkọ rẹ̀, àti Màmá wa tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Ọkọ rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ iná, Wáyà ni mò ń pè é níbí. Níṣojú rẹ̀, Bọ̀dá ni.

Ó ń tú fáànù palẹ̀ nígbà tó bi mí léèrè ohun tó ti wà nínú rẹ̀ láti ọdún méjì. "Àbúrò, jọ̀ọ́, àìsàn yìí, kòkòrò wo ló wà ńbẹ̀?" Mo ní kò sí kòkòrò. "Ta wá ni ara ẹ̀ ń bá jà?" Mo ní òun fúnra rẹ̀. Ó gbé sùkúdìráífà sílẹ̀. Ó ní àwọn àgbà ṣáà ti sọ pé bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani, kí n dárúkọ ẹni náà fóun. Mo ní ilé tí mò ń sọ yìí, ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbé ibẹ̀.

Mo wá ṣàlàyé fún un bí wọ́n ṣe ṣàlàyé fún wa ní pólì, àyàfi pé tiwa gùn jù báyìí lọ, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì jókòó ìdánwò rẹ̀. Sójà wà nínú ẹ̀jẹ̀ gbogbo èèyàn. Kí wọ́n tó gbébọn, wọ́n á kọ́kọ́ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ̀yìn egungun àyà ni ilé-ẹ̀kọ́ náà wà. Níbẹ̀, wọ́n á máa fi ohun tó jẹ́ ti ara hàn wọ́n ní díẹ̀díẹ̀: èyí ni kíndìnrín, èyí ni awọ, èyí ni ẹ̀dọ̀. Sójà tó bá ti fẹ́ fò mọ́ ohun tí wọ́n fi hàn án ti kùnà nìyẹn. Kò sí àtúnṣe ìdánwò. Pípa ni wọ́n ń pa á. Mo sọ fún Wáyà pé ká ní sójà ni mí, ọdún kìíní ni ǹ bá ti kú.

Ó ní, "Ṣé wọ́n ń rí gbogbo wọn mú?" Mo ní rárá, kò sí ilé-ẹ̀kọ́ tí olódo kì í ti í yọ́ jáde. Ìdí nìyẹn tí àwọn alàgbà fi wà níta. Sójà làwọn náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tiwọn ni láti máa fa àwọn tó kù láṣọ: fi í sílẹ̀, tiwa ni. Nínú ara Alákòóso, àwọn alàgbà ò ráyè mọ́, tàbí wọn ò pọ̀ tó, tàbí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ tiwọn. Àwọn sójà wá dojú kọ awọ ojú rẹ̀, oríkèé rẹ̀, àti kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì. Kíndìnrín tó bá gbọgbẹ́ á máa jò, purotéènì á bá ìtọ̀ lọ. Ohun tí mò ń wá nínú ìgò nìyẹn.

Wáyà ronú sí i. Ó ní ó dà bíi géètì-máànù ọsibítù wa, tó ń dá dókítà dúró kí olè lè ráyè kọjá. Mo ní bẹ́ẹ̀ gan-an, àfi pé ti inú ẹ̀jẹ̀ níbọn lọ́wọ́.

"Kí ló wá fà á?" Mo ní díẹ̀ wà nínú ìran, díẹ̀ nínú oòrùn, èyí tó kù, kò tíì yé ẹnikẹ́ni. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ó jọ pé ẹni tí òun á lọ lù ló ń retí.

Alákòóso jókòó sídìí tábìlì, ó ń kọ orúkọ ọmọ sínú ìwé. Olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ni, orúkọ pọ̀ lẹ́nu ẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ ọmọ èyíkéyìí tó bá ti bù ú jẹ rí ní kíláàsì, ó ń fa ìlà lé e. Ìwé náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún fún ìlà. Oògùn ti mú ojú rẹ̀ wú róbótó. Ó ní ọmọ kan béèrè bóyá afẹ́fẹ́ ló wà ńbẹ̀. Òun ní bẹ́ẹ̀ ni, má ṣe gún un.

Màmá ní àtọ̀gbẹ láti ọdún mẹ́fà. Mo rí ọ̀rá bisikíìtì lábẹ́ ìrọ̀rí wọn. Wọ́n ní eku ni. Eku náà ká ọ̀rá sí mẹ́rin, ó sì fi rọ́bà dè é.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ẹsẹ̀ Alákòóso kún inú bàtà. Ó ní ooru ni. Ooru mú lóòótọ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Ìgò karùn-ún. Purotéènì: kò sí. Ṣúgà: àmì méjì.

Ó yẹ ká fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ká mọ iye ṣúgà tó wà ńbẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń kà á ti wà lẹ́nu àtúnṣe láti ọ̀sẹ̀ méjì; ẹni tó wá tún un ṣe ní àfi kí òun lọ mú nǹkan kan wá, a ò sì rí i mọ́. Ẹ̀jẹ̀ tí à ń yẹ̀ wò lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta sì ti ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Alága ní kí n pe dókítà. Mo pè é. Dókítà Pẹ̀lẹ́ — "pẹ̀lẹ́" ló máa ń sọ kó tó sọ ohunkóhun, títí kan "ẹ káàárọ̀" — bi mí léèrè ohun tí mo rò. Dókítà bi mí léèrè ohun tí mo rò! Mo gbé ohùn mi wálẹ̀. Mo ní lójú tèmi, oògùn yẹn ti ń pọ̀ jù fún un.

Ó dín in kù sí ààbọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹrin

Pupa ti tún yọ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ Alákòóso méjèèjì, ó gba orí imú kọjá. Ó ń fi lẹ́búlẹ́bú bò ó. Wáyà ní ó sùn lọ sídìí oúnjẹ lánàá pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́. Mo ka gbogbo rẹ̀ sí àárẹ̀ iṣẹ́. Àwọn ọmọ yẹn le.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Ìgò kẹfà. Purotéènì: kò sí. Ṣúgà: àmì mẹ́ta. Gbogbo láàbù ló pàtẹ́wọ́. Alága gan-an pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, lórí ìjókòó.

Ní aago mẹ́wàá, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dé. Ẹ̀rọ ti dára. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀: bí ti ẹni tó sùn lébi. Ìdọ̀tí tó yẹ kí kíndìnrín máa lé jáde: ìlọ́po méjì ti ìgbà tó kọjá.

Mo ní ẹ̀rọ ò tíì yá dáadáa. Mo tún ẹ̀jẹ̀ náà yẹ̀ wò. Bákan náà. Mo tú pépà tuntun, mo ki í bọ ìtọ̀. Bákan náà.

Ẹni tí ṣúgà ò pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò lè máa tọ ṣúgà àmì mẹ́ta. Omi kì í kún ìsàlẹ̀ kí àgbá òkè gbẹ. Èèyàn méjì ló wà níwájú mi. Ọ̀kan ló ni ẹ̀jẹ̀, ọ̀kan ló ni ìtọ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ nínú ilé yẹn tí ìtọ̀ rẹ̀ máa ń rí báyìí. Láti ọdún àkọ́kọ́ mi ní pólì ni mo ti ń yẹ ìtọ̀ Màmá wò. Tiwọn ni mo fi kọ́ iṣẹ́. Lóṣù mẹ́ta gbáko, ó ń dé orí tábìlì mi, mò ń kọ nọ́ńbà ẹlòmíràn sí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Mo lọ bá Alákòóso ní ilé-ìwé lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ. Àga kéékèèké nìkan ló wà. A jókòó, eékún wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n wa.

Kò jiyàn. Ó ní, "Ti ìgò kẹrin yẹn, ó hó bí ọṣẹ. Mo wò ó, mo dà á nù." Mo ní ṣé ó mọ ohun tó dà nù. Ó ní, "Oṣù mẹ́ta mi ni mo dì mú. Bí mo bá gbé e wá, ẹ ó dá mi padà sí òdo. Mo ti padà sí òdo lẹ́ẹ̀mẹta, Onítọ̀. Ìwọ lò ń kà á. Ìwọ náà mọ̀."

Mo mọ̀.

Màmá ńkọ́? Ó sọ fún wọn pé èmi ni mo ní kí wọ́n máa fún mi ní ìtọ̀ lóṣooṣù kí n lè máa mójú tó ṣúgà wọn. Inú wọn dùn. Wọ́n ti ń sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọmọkùnrin àwọn ò gbàgbé àwọn.

Ó wá ní kí n bo òun láṣìírí di ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọjọ́ tí dókítà máa buwọ́ lù ú pé òun lè lóyún. "Kó ṣáà ti buwọ́ lù ú. Lẹ́yìn ìyẹn, èmi àti ara mi á yanjú ẹ̀." Mo ní, "Àǹtí, ara yín ni kò fẹ́ yanjú ẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ràn kó máa rẹ́rìn-ín. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní màá rò ó.

Rárá ló yẹ kí n sọ. Ọ̀rọ̀ kékeré.

Ọjọ́rú, ọgbọ̀njọ́

Mi ò sọ fún Alága.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejì oṣù karùn-ún

Èsì ẹ̀jẹ̀ náà ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, lábẹ́ ìwé ìsinmi ọdún. Alága béèrè rẹ̀. Mo ní mò ń tún un yẹ̀ wò. Àlàyé tó péye, tó sì jẹ́ irọ́.

Mo ti ń kọ nípa sójà láti oṣù mélòó kan bí ẹni pé mo dúró sójú fèrèsé tí mò ń wò wọ́n. Irú kan wà tó ń kọ lu tirẹ̀. Òmíràn wà tó ń rí ohun tó máa pa ilé run, tó ń ní fi í sílẹ̀, tiwa ni. Wọ́n kọ́ wa ní méjèèjì. Èyí kejì yìí ni mo gba máàkì tó dáa nínú rẹ̀.

Lọ́la màá sọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹta

Wáyà pè ní kùtùkùtù. Alákòóso ò lè dùbúlẹ̀ mọ́. Bó bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀, èémí rẹ̀ á gé. Ọkọ̀ iṣẹ́ ni wọ́n fi gbé e wá, àkàbà ṣì wà lórí rẹ̀. Omi ti kún ara rẹ̀ dé ẹ̀dọ̀fóró.

Mo sáré lọ sí láàbù, mo mú èsì láti inú dúrọ́ọ̀, mo gbé e lé Dókítà Pẹ̀lẹ́ lọ́wọ́. Ó wo ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀. Ó wo ojú mi. Kò sọ pẹ̀lẹ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ karùn-ún

Èémí ti rọ̀. Kíndìnrín ò rọ̀.

Dókítà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àwa mẹ́ta la wà níbẹ̀: Alákòóso, Wáyà, èmi. Ó ní oògùn tó ń fún àwọn sójà lóorun ò tó mọ́, àfi èyí tó ń pa wọ́n. Inú iṣan ló ń gbà wọlé, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, fún oṣù mẹ́fà. Ṣùgbọ́n oògùn náà ò mọ sójà yàtọ̀ sí ohun mìíràn. Ohunkóhun tó bá ń yára dàgbà nínú ara, ó lè pa á. Pàápàá ẹyin inú obìnrin. Bí obìnrin bá sì ti kọjá ọdún márùndínlógójì, ewu ẹ̀ pọ̀. Ó ní ká tiẹ̀ ní àyè wà, òun ì bá fi abẹ́rẹ́ kan dáàbò bo ẹyin kóun tó bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í dáni lójú. Kò sí àyè mọ́.

Kò wò mí nígbà tó sọ ìyẹn. Kò nílò àtiwò mí.

Wáyà ní, "Dókítà, ẹ bá mi wo ìyàwó mi. Ọmọ, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀." Alákòóso yíjú sí i. "Ṣé ìwọ ni wọ́n ń bi?" Ó béèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bóun ò bá gbà á. Dókítà ní kíndìnrín á lọ láàárín oṣù díẹ̀. "Èmi náà ńkọ́?" Ó ní, "Pẹ̀lẹ́."

Alákòóso ní kí wọ́n fún òun ní bírò. Ó ka ìwé ìfọwọ́sí oògùn náà látòkè délẹ̀, ó rí àṣìṣe kan ní ìlà kẹrin, ó tún un ṣe, kó tó buwọ́ lù ú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹfà

Mo jẹ́wọ́ fún Alága. Ó ní kí n kọ lẹ́tà àlàyé. Mo kọ ojú ewé mẹ́ta. Ó kà á tán, ó ní ó dùn ún kà, ó sì ní kí n lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Bákan náà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé ìtọ̀ wá láti ilé mọ́ bí kíndìnrín ni ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ibí ni wọ́n á ti máa tọ̀ ọ́, nọ́ọ̀sì á dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo ti mú òfin tuntun wọ iṣẹ́ wa. Ọ̀pọ̀ máa ń ṣe ogún ọdún kí wọ́n tó rí irú ẹ̀ ṣe.

Màmá béèrè èsì ìtọ̀ tiwọn. Mo ní ṣúgà pọ̀ gan-an, ẹ jáwọ́ nínú bisikíìtì. Wọ́n ní kí n má bínú, ọkàn àwọn ò lélẹ̀ nítorí ẹ̀gbọ́n mi ni. Wọ́n dúpẹ́ pé mò ń yẹ̀ ẹ́ wò. Mi ò rí ibi tí màá fojú sí.

A ò sọ fún wọn. Ìyẹn la jọ fẹnu kò sí, Alákòóso àti èmi.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kẹfà

Omi oògùn Alákòóso ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ó bì lẹ́ẹ̀mẹfà. Irun ń já. Ó ní àwọn ọmọ kíláàsì fi káàdì ránṣẹ́, wọ́n ya òun sínú rẹ̀ pẹ̀lú orí ńlá àti ọwọ́ mẹ́ta. Ó ní òun ò mọ̀ bóyá kí òun bínú ni tàbí kí òun béèrè ohun tí ọwọ́ kẹta ń ṣe.

Mo padà sẹ́nu iṣẹ́ lónìí. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè ohun tí mo rò.

Ọjọ́ Ajé, ọgbọ̀njọ́

Omi ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Purotéènì ti wálẹ̀ sí àmì kan. Wáyà tún gbogbo fáànù wọ́ọ̀dù ṣe láìgbowó. Mẹ́ta ló ń yí báyìí. Tẹ́lẹ̀, mẹ́rin ni.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù keje

Omi ẹlẹ́ẹ̀kẹrin. Purotéènì: kò sí. Ẹ̀jẹ̀: kò sí. Ṣúgà: kò sí. Ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sí bó ṣe yẹ. Dókítà ní kíndìnrín ti bọ́ lọ́wọ́ ewu. Wáyà jáde lọ síta, ó pẹ́ níbẹ̀.

Bó ṣe jáde, Alákòóso mú ìgò kejì lábẹ́ aṣọ ìbora. Kò wé e. Ó ní, "Yẹ eléyìí wò fún mi. Oyún." Mo wò ó. Ó ní òun ò rí nǹkan oṣù òun láti oṣù méjì.

Mo ní, "Àǹtí, dókítà sọ pé oògùn yẹn lè dá a dúró." Ó ní òun wà níbẹ̀ nígbà tó sọ ọ́. Mo ní kò tiẹ̀ yẹ kó jẹ́ oyún lásìkò yìí, oògùn náà á bà á jẹ́. Ó ní òun mọ̀. Ó na ìgò náà sí mi.

Mo lọ. Mo ki pépà bọ̀ ọ́. Ìlà kan. Ìlà méjì ni oyún; wọ́n ní ká dúró ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo dúró mẹ́wàá. Mo tú òmíràn, mo tún un ṣe. Alága gba ẹ̀yìn mi kọjá, ó rí ohun tó wà lọ́wọ́ mi, ó fa àga kan wá fún mi, ó lọ.

Ìlà kan.

Mo padà. Omi ń kán sí i lápá, ẹ̀kán-ẹ̀kán. Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà lọ́nà mẹ́ta bí mo ṣe ń bọ̀. Kò béèrè. Ó ń wo ọwọ́ mi.

Nígbà tó yá, ó ní, "Tèmi gan-an ni ìtọ̀ yẹn o."

Mo ní mo mọ̀.